Kábọ̀ Tí Màmá Ò Gbọdọ̀ Jẹ

Yàrá ẹ̀yìn ààrò,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà,

Ẹ kú òtútù. Ẹ kú iṣẹ́ tówẹ̀lì fífọ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ kú àtirántí wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni rántí gbèsè. Èmi àbúrò yín, Gbohùngbohùn, ni mò ń kọ ìwé yìí. Màmá ló ń sọ ọ́, èmi ni mò ń fi iyọ̀ sí i. Tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣì ń sùn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jí i, nítorí náà ẹ fara mọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Kí wọ́n tó lé mi kúrò ní ilé ìwé, olùkọ́ mi ní ó dà bí ìgbà tí adìyẹ bá tẹ inki. Ẹ mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi lé mi: mo fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé ké láti ẹ̀yìn ògiri pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé, gbogbo ọmọ sì lọ. Olùkọ́ méjì náà lọ. Ẹ̀bùn ni, ẹ má pè é ní ìwà.

Ààrò wa dára. Ìyẹ̀fun wà. Èmi ni mò ń gbé àpò rẹ̀ báyìí, torí pé èémí Màmá máa ń kúrú tí wọ́n bá gbé nǹkan wúwo. Wọ́n ní kí n má kọ ìyẹn. Mo ti kọ ọ́.

Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni ọ̀rọ̀ bàtà. Èyí dúdú tí ẹ fi ránṣẹ́ níjọ́sí kò gbà wọ́n mọ́. Màmá yín ti wú. Wọ́n wú bí ìyẹ̀fun tí a pò tí a gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bàbá Aránbàtà, aládùúgbò wa, ti fa bàtà náà títí, ó ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, awọ ni mò ń rán, mi ò rán sùúrù. Ó níbi tó mọ." Ẹ bá wọn wá èyí tó fẹ̀.

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Oníṣan, ọ̀gá yín nílé eré ìdárayá, tí ẹ ní ó máa ń gbé irin sókè, tí á tún gbé e sílẹ̀. Ẹ bi í pé nígbà tó ti mọ̀ pé òun máa gbé e sílẹ̀, kí ló wá gbé e fún?

Èmi ni,
Gbohùngbohùn.


Yàrá òkè, ilé ìfọṣọ,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọkàntọkàn. Àbúrò, ka ohun tí mo kọ, má fi tìrẹ kún un.

Mo ka ìwé yín, ara mi bù máṣọ. Ẹ ní ẹ ti wú, ẹ tún ń fi ṣe àwàdà! Màmá, bàtà kọ́ ló kéré, ẹsẹ̀ ló tóbi. Mi ò ní fi bàtà ránṣẹ́. Ẹni tó ń ra bàtà ńlá fún ẹsẹ̀ ńlá, àìsàn ló ń kọ́ ilé fún.

Ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀, torí pé ẹ̀yin ará ilé, ẹ kàn ń jẹun ni, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń jẹ. Kabo ni ọ̀tá. Ọ̀gá Oníṣan ló kọ́ mi, kò sì sí ohun tí ọkùnrin yẹn ò mọ̀ nípa ara ènìyàn. Ẹ gbọ́ dáadáa: ẹ ò gbọdọ̀ fi kabo kan ẹnu mọ́. Búrẹ́dì, ìrẹsì, ọ̀dùnkún, ṣúgà, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Tí wọ́n bá dé inú, wọ́n á di ṣúgà, ṣúgà á di ọ̀rá, ọ̀rá á jókòó sí ìdí, kò sì ní dìde mọ́.

Ẹ rántí mi nígbà tí mo wà nílé. Rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá gba iwájú ilé kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ yà fún ọmọ oníbúrẹ́dì, ó ń yí bọ̀." Ẹ̀yin náà máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rí yín. Lónìí, bẹ́líìtì mi ti wọ ihò tí èmi fúnra mi fi ìṣó lù. Kò sí Rọ̀bọ̀tọ̀ mọ́, ó ti kú, mi ò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ẹran, ẹyin àti ẹja gbígbẹ ni kí ẹ máa jẹ. Tí ó bá ń rẹ̀ yín, ẹ mu omi ẹran, kí ẹ bu iyọ̀ sí i dáadáa, Ọ̀gá ní iyọ̀ ló ń gbé ẹni tó fi kabo sílẹ̀ ró. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn ni wọ́n á kó fún yín, oògùn kì í yọ búrẹ́dì lára. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, Màmá. Ẹ máa ta búrẹ́dì yín, ẹ má jẹ ẹ́.

Ọmọ yín àkọ́bí.


Yàrá ẹ̀yìn ààrò,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọlọ́gbọ́n,

Ẹ kú ebi àfọwọ́fà. Ẹ kú ihò bẹ́líìtì.

Ìwé yín dé. Mo kà á sókè pẹ̀lú ohùn yín, mo wá fi imú díẹ̀ sí i nítorí ilẹ̀ òkèèrè. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìgbà tí mo dé ibi kabo ni ẹ̀rín dúró. Ẹ ò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi sílẹ̀ níhòòhò. Mo wá kà á bó ṣe wá sí mi lẹ́nu: "Kábọ̀ ni ọ̀tá. Ẹ ò gbọdọ̀ fi kábọ̀ kan ẹnu mọ́."

Màmá ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ sọ káàbọ̀ mọ́."

Wọ́n ní, "Tí ènìyàn bá wọ ilé mi ńkọ́? Kí n máa wò ó níran? Irú ilé wo ni ọmọ yìí ń gbé lọ́hùn-ún?"

Àmọ́ àkọ́bí ló sọ̀rọ̀, ta ni yóò jiyàn? Ìgbà tí Bàbá Aránbàtà wọlé ní ọjọ́ kejì, ó ní, "Ẹ kúulé o." Màmá kàn mi orí. Ó tún un sọ. Wọ́n tún mi orí. Ó ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, kí ni mo ṣe?" Màmá ní, "O ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ mi ló ní kí n má sọ ọ́." "Kí ni ẹ ò gbọdọ̀ sọ?" "Èyí tí wọ́n fi ń kí ẹni tó wọlé." Bàbá Aránbàtà mú búrẹ́dì rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni tó rí ejò.

Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí ó dùn. Lẹ́yìn náà mo tún ìwé yín kà, mo rí búrẹ́dì àti ìrẹsì nísàlẹ̀, ó wá yé mi pé ohun tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ afáralókun nílé ìwé ni ẹ ń bú. Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní, "Èyí tó ń fún ara lókun? Òun ló ní kí n má jẹ?" Mo ní òun ni. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ní láti jẹ́ pé ó rí nǹkan kó tó sọ ọ́. Ọmọ mi ò ní tàn mí."

Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde, wọ́n á gé etí rẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ pẹ̀lú ojú dídì, wọ́n á ní, "Ẹ lè tà á." Báyìí, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ ni. Obìnrin kan tó wá rajà wò wọ́n títí, ó ní, "Kí ló wà nínú búrẹ́dì yìí tí ẹni tó ṣe é fi ń fi imú jẹ ẹ́?" Ó lọ láìrà.

Ẹ máa fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ o! Ojú wọn ti wọlé. Egungun ọrùn wọn ti yọ síta. Apá tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ti rí bí igi tí wọ́n fi ń ko iná. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́ nípa Ọ̀gá Oníṣan. Ẹsẹ̀ ń wú sí i. Sálúbàtà mi ni wọ́n ń wọ̀ báyìí, gìgísẹ̀ wọn sì ń wo ìta lẹ́yìn. Wọ́n ń mu omi ẹran oníyọ̀ yín láàárọ̀ àti lálẹ́, bí wọ́n bá mu ún tán, òùngbẹ á gbẹ wọ́n, wọ́n á tún mu omi.

Ẹ jọ̀ọ́, bàtà.

Èmi ni,
Gbohùngbohùn tí ń jẹ etí búrẹ́dì ní ipò ìyá rẹ̀.


Yàrá òkè, ilé ìfọṣọ,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta.

Màmá,

Mo kí yín. Ìwé yín bà mí nínú jẹ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín fún Ọ̀gá Oníṣan. Ó rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ gbé irin sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le: obìnrin yẹn ń jẹ kabo ní kọ̀rọ̀. Ojú lè parọ́, ẹnu lè parọ́, ara kì í parọ́. Ẹni tó bá fi kabo sílẹ̀ kì í wú. Ẹni tó bá ń wú kò tíì fi í sílẹ̀.

Ojú tì mí láàárín àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé! Inú ààrò lẹ ń gbé, Màmá. Ta ló mọ ohun tó ń wọ ẹnu yín kí ilẹ̀ tó mọ́? Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Èmi náà máa ń lálàá búrẹ́dì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹ kò ṣe é ni, ẹ má tún fi sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Àbúrò, máa ṣọ́ wọn. Fi kún iyọ̀ omi ẹran náà. Títí ẹsẹ̀ yín á fi fọn, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ bàtà mọ́.

Ọmọ yín àkọ́bí.


Yàrá ẹ̀yìn ààrò,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin.

Ẹ̀gbọ́n,

Ẹ kú ọgbọ́n. Ó ti pọ̀ jù lórí yín, ẹ gbé díẹ̀ sílẹ̀ bí irin.

Ohùn ara mi ni mo fi ka ìwé yín lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní agbára imú. Màmá gbọ́ ibi tí ẹ ti ní wọ́n ń jẹ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n mú àkísà, wọ́n ń nu pákó tí kò ní ìyẹ̀fun lórí. Wọ́n ní, "Bóyá ojú oorun ni mo ti máa ń jẹ ẹ́."

Ojú oorun wo, ẹ̀gbọ́n? Wọn kì í sùn mọ́. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ó máa ń ṣe wọ́n bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ìjókòó ni wọ́n ń tòògbé, wọ́n gbé ẹ̀yìn ti àpò ìyẹ̀fun. Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, àwọn àgbà ti sọ tirẹ̀ tán. Wọn ò kàn sọ pé ọmọ náà lè máa gbé lórí ilé ìfọṣọ.

Ẹ gbọ́ èyí. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìyẹ̀fun ti tó wọ ààrò? Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá fò padà, kò tíì yá. Tí ihò náà bá ń padà díẹ̀díẹ̀, ó ti tó. Tí ihò bá dúró síbẹ̀, tí kò padà rárá, ó ti kọjá, ó ti fẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ní àná, mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Mo so aṣọ iṣẹ́ wọn mọ́ra, mo tẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀, mo fi ohùn wọn sọ pé, "Ẹ má tíì koná o, ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá ó ti wú tó," mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Màmá rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọwọ́ kúrò.

Ihò náà dúró síbẹ̀. Ó jinlẹ̀, ó ń wò wá bí ojú. Àwa náà ń wò ó.

Màmá ní, "Ó ti kọjá." Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún ìyẹ̀fun gan-an.

Ọ̀rá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo lọ tẹ ikùn Bàbá Aránbàtà wò, ẹni tó sanra ní tòótọ́ tí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fò padà kíákíá. Òun náà fò, ó gbá mi létí.

Mo ní kí Màmá jẹ́ kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n má lọ." Mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún, mo fi ohùn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bẹ̀ wọ́n. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n má lọ." Nítorí náà, mi ò fẹ́ bàtà mọ́. Ìlà kan ni mo fẹ́: Màmá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ kọ ọ́ lónìí, kí ẹ tó fọ tówẹ̀lì kankan.

Gbohùngbohùn.


Ẹnu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin.

Ẹ̀gbọ́n,

Ìwé yín ò dé. Mo ń wá síbí lójoojúmọ́, akọ̀wé ibẹ̀ kì í jẹ́ kí n béèrè mọ́, ó kàn máa ń mi orí láti ọ̀nà jíjìn. Màmá ò lè gòkè àtẹ̀gùn ẹnu ilé mọ́ láìdúró sinmi lórí rẹ̀. Ètè wọn ti ṣú.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa ò fi ráyè nínú yín. Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n, kí ẹ lè gbọ́.

Gbohùngbohùn.


Gbọ̀ngán ilé ìwòsàn,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kárùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ṣeun tí ẹ fèsì. Ìwé yín dára ju gbogbo èyí tí ẹ ti ń kọ bọ̀. Ó kàn dùn mí pé ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ pé ẹ kọ ọ́. Kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ wí, mo dà á kọ síbí:

"Màmá mi ọ̀wọ́n, mo kí yín tọkàntọkàn. Àbúrò, ka ohun tí mo kọ, má fi tìrẹ kún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín fún Ọ̀gá Oníṣan. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé irin sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tó ọ̀rọ̀. Ó ní kabo kan wà tó máa ń sá pamọ́ sínú ẹsẹ̀, ojú lásán ò lè rí i, àfi irinṣẹ́ dókítà. Nítorí náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, kí ààrò tó gbóná. Ẹ má jiyàn, ẹ̀yin ará ilé fẹ́ràn iyàn. Ẹ wọ sálúbàtà àbúrò mi lọ. Ọmọ gidi ni, mi ò tètè mọ̀. Ọmọ yín àkọ́bí."

Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Àkọ́bí mi ti sọ̀rọ̀." Wọ́n dìde. Gbogbo òótọ́ tí mo ti sọ láti ọjọ́ yìí ò lè gbé wọn kúrò lórí àpótí, irọ́ ojú ewé kan gbé wọn.

Dókítà tó rí wọn, obìnrin ni, ó kéré, ó ń yára sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe? Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ wọn. Ó ń wo ihò náà. Ó ní kí ni wọ́n ń jẹ? Mo kà á fún un. Ìgbà tí mo dé ibi omi ẹran oníyọ̀, ó wò mí bíi pé èmi ni mo sè é. "Ta ló ní kí wọ́n máa mu ún?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ń fọ tówẹ̀lì fún àwọn tó ń gbé irin.

Ohùn rẹ̀ rèé, mo ti kọ́ ọ tán: "Ìyá yín ò sanra. Ìyá yín wú. Ta ló so méjèèjì pọ̀ fún yín? Ọkàn wọn ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ dáadáa mọ́, omi wá ń ṣẹ́kù sí ẹsẹ̀, ó ń ṣẹ́kù sí ẹ̀dọ̀fóró. Iyọ̀ ló ń so omi mọ́ ara, ẹ wá ń fi ife bù ú fún wọn!"

Màmá fi ohùn kékeré bi í pé, "Kabo ńkọ́, Dókítà? Ṣé ẹ rí i?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó bá jókòó sójú kan, tó ń fi búrẹ́dì funfun àti ṣúgà ṣeré láti àárọ̀ dalẹ́, á sanra, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ èyí tí ara bá ti lò tán kì í di ọ̀rá. Ẹ̀yin tí ẹ ń po ìyẹ̀fun láti àfẹ̀mọ́jú, kí ni ì bá ṣẹ́kù? Ẹ fi búrẹ́dì sílẹ̀, ẹran apá ara yín lẹ wá ń jẹ."

Wọ́n dá Màmá dúró síbẹ̀. Wọ́n ń fún wọn ní oògùn tó ń mú omi jáde, Màmá ń lọ ilé ìtọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Wọn ò tíì lè sọ fún mi bóyá ọkàn náà á gbà. Dókítà ní ká ní a tún pẹ́ díẹ̀ sí i, èmi nìkan lòun ì bá máa bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ti wá mọ ìyàtọ̀. Ẹ ò sanra mọ́, òótọ́ ni. Ẹ wú. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rọ̀ yín, ihò rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Gbohùngbohùn.


Yàrá òkè, ilé ìfọṣọ,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kárùn-ún.

Ìwọ Gbohùngbohùn,

Ta ló fún ọ láṣẹ láti di èmi? Mo ka ìwé irọ́ tí o kọ, inú bí mi débi pé mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri. Mo tún un kà. Ó jọ mí ju èmi fúnra mi lọ. Ibi tó ti dùn mí gan-an nìyẹn. Ṣé bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí yín nìyẹn?

Ìwé rẹ nípa àtàǹpàkò dé ọwọ́ mi, mi ò ní sọ pé kò dé. Mo rò pé àwàdà ni. O ti fi mí ṣeré láti kékeré débi pé ìgbà tí o sọ òótọ́, mo ń wá ibi tí o ti fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà mí, mo wá ń fi òní dọ́la.

Mo mú èyí tó kẹ́yìn lọ bá Ọ̀gá Oníṣan. Mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi tówẹ̀lì nu ọrùn, ó ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ ìyá ẹnikẹ́ni o. Irin ni mo mọ̀." Tówẹ̀lì tí èmi fọ̀ ló fi nu ún. Mo dúró síbẹ̀, ojú mi ń ṣú, mi ò sì mọ̀ bóyá ìtìjú ni tàbí ebi. Mo jókòó lórí àwọn tówẹ̀lì tútù. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wa gé búrẹ́dì tirẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́. Kò dùn tó ti Màmá.

Mo ti gba àyè. Mò ń bọ̀ wálé kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Mo ti ra bàtà náà, ó fẹ̀.

Ṣé wọ́n wà? Fi ohùn wọn kọ ọ́ sí mi, kí n lè mọ̀ pé wọ́n wà. Mo bẹ̀ ọ́, má fi tìrẹ kún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Yàrá ẹ̀yìn ààrò,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìmúra ọ̀nà. Ẹ kú oúnjẹ ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n wà. Wọ́n ti dé ilé. Oògùn náà ò ní tán láyé wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé àpò mọ́, àmọ́ wọ́n ń dùbúlẹ̀ sùn, wọ́n tún ń han-anrun tó máa ń jí mi. Mo tẹ ẹsẹ̀ wọn láàárọ̀ yìí, ó fò padà. Bàtà dúdú ti gbà wọ́n. Èyí tó fẹ̀ tí ẹ rà, ẹ máa mú un bọ̀, Bàbá Aránbàtà ní òun á fi gé òmíràn méjì.

Mo ní kí n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìwé irọ́ yẹn fún wọn kí ẹ̀yin tó dé wá fi ẹjọ́ mi sùn. Màmá ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Láti ibi tó ti pè ọ́ ní ọmọ gidi ni mo ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò pè ọ́ bẹ́ẹ̀ rí." Mo ní, "Ẹ wá lọ?" Wọ́n ní, "Èmi náà ti fẹ́ lọ tipẹ́. Mo ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ ní ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ohun tí wọ́n ní kí n kọ sí yín rèé. Ẹ ní kí n má fi tèmi kún un. Dókítà náà ní kí a máa yẹra fún iyọ̀, nítorí náà kò sí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀:

"Rọ̀bọ̀tọ̀ mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ tí mò ń rẹ́rìn-ín, mi ò gbọ́ yẹ̀yẹ́ wọn. Mo kàn rí ọmọ tó jẹun yó, tó ń bọ̀ wá bá mi, inú mi dùn. Ó yẹ kí n gbọ́ ọ. Máa bọ̀. Tí o bá ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà, kábọ̀ ni màá kọ́kọ́ fún ọ, gbígbóná, láti inú ààrò, o ò sì ní dìde títí o ó fi jẹ ẹ́ tán lójú mi."

Èmi ni,
Gbohùngbohùn.